Ìkọ́ Méjì Iwájú Jíìpù Mi

Èmi ni mo jó wọn mọ́ ọn. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì kó tó máa wá ẹni tó lẹ̀bi. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi jó ìkọ́ méjì mọ́ bọ́ńpà iwájú jíìpù tí mo fúnra mi tò, ọwọ́ mi náà ni mo sì fi da omi lé wọn lórí. Mo mọ ohun tí omi yẹn lè ṣe. Mo mọ̀ ọ́n dájú, mo sì dà á.

Wẹ́dà ni mí ní Ayétòrò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jó irin: géètì, fèrèsé, ọkọ̀ akẹ́rù tí ara rẹ̀ ti já sílẹ̀. Abúlé kan lọ́nà Ìjoun ni àwọn òbí mi ń gbé. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, àdá àti ọkọ́ ló fi tọ́ wa. Nígbà tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fẹ́ kọ́ ní Ìlaròó, ó ní, "Ṣé iná tí wọ́n ń tì bọ ihò ara ògiri yẹn nìwọ náà ń pè ní iná?" Bó ṣe máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé ó bínú.

Àìsàn Màmá ló bí jíìpù. Ọkàn Màmá mi ti rẹ̀, dókítà ní ó ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, omi a sì máa gbà á láyà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní ọsibítù, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Tí ẹ bá ti rí i pé kò lè dùbúlẹ̀ kó mí dáadáa mọ́, ẹ má ṣe àgbo, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e wá. Abẹ́rẹ́ wà níbí, afẹ́fẹ́ inú àgbá wà níbí. Kó ṣáà ti dé." Kó ṣáà ti dé! Gbólóhùn yẹn ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nítorí ọ̀nà abúlé wa, ẹ̀rùn nìkan ló ń jẹ́ ọ̀nà. Tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, odò kékeré tó wà ní kòtò lẹ́yìn abúlé a tú ẹrẹ̀ dúdú sójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ bá wọ̀ tí á máa fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kadà ń kọjá níbẹ̀ o, àmọ́ ta ni yóò gbé obìnrin tí kò rí èémí mí sẹ́yìn ọ̀kadà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tajà ní Owódé ní kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èmi náà ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Màmá ní, "Ta ni yóò wá máa se oúnjẹ bàbá yín?" A ní kí àwọn méjèèjì jọ máa bọ̀. Bàbá ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ agbẹ̀dẹ?" Họ́wù! Agbẹ̀dẹ tí kò rí iná láti ọdún mẹ́ta! Mo gbaná jẹ lọ́jọ́ náà, mo pariwo títí tí adìyẹ fi sá kúrò lábẹ́ àga. Màmá kàn ń wò mí. Nígbà tí mo pariwo tán, ó bu omi fún mi mu.

Ni mo bá tú òkú ọkọ̀ mẹ́ta palẹ̀, mo fi wọ́n ṣe ààyè kan. Mo gbé e ga lórí tayà ńlá, mo fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ rẹ̀ níwájú kí òkúta má baà lu ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ṣé ojú ogun lẹ ń lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa lọ.

Bọ́ńpà iwájú ni mo ṣe kẹ́yìn. Irin onígun mẹ́rin tó nípọn ni, mo sì fi bóòtù mẹ́jọ dè é mọ́ ṣaásì gan-an, torí egungun ọkọ̀ ni ṣaásì, òun ló lè gba ìyà. Ó wá ku ìkọ́. Ọkọ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀, ó yẹ kó ní ibi kan pàtó tí ẹni tó fẹ́ fà á yọ yóò so ṣéènì mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò ní irú rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ bọ́ńpà oníke ọkọ̀ rẹ̀, okùn gbé bọ́ńpà lọ, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo gé irin rírọ̀ tó nípọn bí ìka méjì, mo lu ihò sí i, mo ti ń múra láti jó o.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi wá sí Ayétòrò láti wá jẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ ní ọsibítù. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìkọ́ fún un lórí fóònù. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti àpò kan, ó kó ìkọ́ méjì jáde nínú rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì mi. Irin sípíríǹgì abẹ́ lọ́rì ni, irin tí gbogbo alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa fi ń rọ àdá, torí kò sí irin tó le tó o. Ó ti dáná sí agbẹ̀dẹ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń wo èèyàn bíi pé inú kùrukùru lonítọ̀hún wà, ó dáná, ó fẹ́ ẹwìrì, ó gbé ọmọ owú, ó rọ ìkọ́ méjì fún mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún ti jóná, ó fi àkísà wé e.

Áà, àwọn ìkọ́ náà rẹwà. Mi ò lè purọ́. Ó tẹ̀ wọ́n kọrọdọ, ó ṣe ẹnu wọn rógódó, kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti dé lára wọn. Ó fi ẹsẹ̀ taari èyí tí mo gé, ó ní, "Irin tó rọ̀ bí ẹ̀kọ lo fẹ́ fi gbé ìyá rẹ?"

Mo gbé tirẹ̀, mo jó wọn mọ́ bọ́ńpà, mo jó o lókè, mo jó o nísàlẹ̀, mo tún fi irin ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo ṣí awò ojú mi, ìkọ́ ṣì pọ́n roro. Bàbá mi ní, "Omi dà?"

Nínú agbẹ̀dẹ tiwa, iṣẹ́ tí wọn ò tíì fún lómi, wọn ò kà á sí iṣẹ́ tó parí. Àdá tó bá ti pọ́n, inú omi ló ń lọ, yóò dún ṣàáà, bàbá mi yóò ní, "Ó ti mu." Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí òun náà ṣe bá bàbá tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àdá ni àdá, ìkọ́ tí wọ́n fi iná wẹ́dà jó ni ìkọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlaròó, olùkọ́ wa lu ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa létí: irin sípíríǹgì, tí ẹ bá jó o tán, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ fi eérú bò ó, kó fúnra rẹ̀ tutù. Tí omi bá bá a lójijì, yóò le ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì dá bí àwo tí wọ́n sọ mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní ká má fi omi sí irú èyí."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Olùkọ́ wa ni, sà."

"Olùkọ́ yín ti rọ àdá rí?"

Ó ti gbé kẹ́tùrù omi fúnra rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìkọ́ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ tó jóná lé irin tó pọ́n. Mo gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà jà nítorí ìṣó kan, èmi tí mo pariwo lé òun àti Màmá lórí títí adìyẹ fi sá, n ò lè la ẹnu sọ pé, "Bàbá, rárá." Mo da omi náà. Ó dún ṣàáà. Bàbá mi ní, "Ó ti mu." Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi.

A so ọkọ̀ alábàágbé mi mọ́ ọn, ó fà wá nínú ọgbà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìkọ́ gbà á. Bàbá mi ní, "Ṣé o rí i?"

Lẹ́yìn tó padà sí abúlé, mo gbé irin ìgé lẹ́ẹ̀mejì láti gé ìkọ́ yẹn kúrò kí n fi tèmi sí i. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo gbé e sílẹ̀. Mo ń rò ó pé yóò fi ọwọ́ kàn án tó bá tún wá, yóò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun kọ́. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un. Òjò dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá pè mí. Ó ní, "Ìyá rẹ jókòó láti àná. Kò lè dùbúlẹ̀." Mi ò wẹ̀, mi ò jẹun. Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àmọ́ jíìpù gba inú ẹrẹ̀ kọjá nígbà tí mo ń lọ, ó kàn mì lọ mì bọ̀ ni. Mo tiẹ̀ yin ara mi. Mo bá Màmá lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, èémí rẹ̀ ń dún bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Mo gbé e. Kò wúwo rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ó gbé e lé àyà kó lè jókòó gbọnrangandan.

Nígbà tí a padà dé kòtò, omi ti kún sí i, ẹrẹ̀ ibi tí mo fi tayà tú nígbà tí mo ń lọ ti di àbàtà. Mo yà sápá òsì kí n yẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti fà wá. Tayà ẹ̀yìn rì, tiwájú tẹ̀lé e. Mo tẹ iná mọ́ ọn, ó túbọ̀ wọlẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀, mo gé ẹ̀ka igi sábẹ́ tayà, ẹrẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Màmá pé, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Olúwa mi o! A ò tíì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa.

Mo sáré. Mo sáré gba inú oko ẹ̀gẹ́ títí mo fi gbọ́ ìró katakata. Ará Kétu lẹni tó ń wà á, láti òdìkejì ẹnubodè, ó wá ń bá wọn roko níbẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi kọjú katakata sí ọ̀nà. Ó ní ṣéènì. Ó ní agbára. Ohun gbogbo tí èèyàn ń fẹ́ ló wà níbẹ̀. Mo rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

Mo fi ṣéènì kọ́ ìkọ́ ọ̀tún, mo padà sídìí ọkọ̀, mo yọ orí lójú fèrèsé. Ará Kétu ń pariwo "Dúsìmáà! Dúsìmáà!", ìyẹn ni pé kí n rọra tẹ iná, lédè Faransé. Ṣéènì le tantan. Jíìpù gbọ̀n, ó gòkè díẹ̀, mo rí bọ́ńpà tó yọ orí nínú ẹrẹ̀. Mo pariwo pé, "Ó ń bọ̀! Màmá, ó ń bọ̀!"

Gbà! Ìkọ́ dá. Ó fò pẹ̀lú ṣéènì, ó lọ lu irin tó bo tayà ńlá katakata, ó dá egbò sí i lára. Ká ní ọkùnrin yẹn yí orí díẹ̀ ni, òkú méjì là bá sọ lónìí. Jíìpù padà sínú ihò rẹ̀, ó sì tún jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Kí ló dá? Kí ló dá?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Mo ní kí ará Kétu fara pamọ́ dáadáa, mo so ṣéènì mọ́ ti òsì. Mo mọ̀ pé yóò dá. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń kọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí ọ̀ràn bá dé ojú ẹ̀, èèyàn a máa bẹ irin. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré." Kò tiẹ̀ ṣe wàhálà kankan kó tó dá. Mo mú apá tó dá nílẹ̀, ojú ibi tó ti dá funfun, ó ń dán wóróworó bí iyọ̀. Ibi tí mo jó mọ́ bọ́ńpà ṣì dúró digbí. Mo ju apá náà sínú igbó.

Ó ku kí n wá ọ̀nà fi ṣéènì yí ṣaásì ká lẹ́yìn bọ́ńpà. Èmi tí mo fi irin bo abẹ́ rẹ̀! Mo dojú délẹ̀ nínú ẹrẹ̀, omi wọ̀ mí létí, mo ń fi ìka wá ihò tí ṣéènì lè gbà. Ìgbà tí mo bá tì í bọ ibì kan, ẹrẹ̀ á dí i. Mo sunkún níbẹ̀. Mo bú ara mi, mo bú irin, mo bú òjò. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Màmá láti òkè, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde nínú omi yẹn. Òtútù á mú ọ." Mo ní, "Mò ń bọ̀, Màmá." Kò tún sọ nǹkan kan fún mi mọ́ láyé.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Òjò dá, ó tún bẹ̀rẹ̀, kí n tó rí ṣéènì fà jáde lódìkejì. Katakata fà á lẹ́ẹ̀kan, jíìpù yọ bí ẹní yọ eyín. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Tó bá jẹ́ pé ìkọ́ yẹn dúró, à bá ti dé Ayétòrò, wọn ì bá ti gún un lábẹ́rẹ́, wọn ì bá ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

Mo sá eré tí kò yẹ kí ọkọ̀ tí a fi òkú mẹ́ta tò sá. Bàbá ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ ọ̀rọ̀ oko, ó ń ní iṣu ọdún yìí yóò ta. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan ọrùn Màmá, ó tún fi ọwọ́ kàn án, ó wo ojú mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà wá, ó ní ara rẹ̀ ṣì gbóná, kò tíì pẹ́ tó dákẹ́. Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Bàbá jókòó síwájú agbẹ̀dẹ, ó ní kí n wá. Kò wo ojú mi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Àtàǹpàkò yẹn ò tíì jinná. Ó ní, "Ohun tó dá yẹn, irin ni, àbí jíjó tí o jó o?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ pariwo pé, "Omi yín ni! Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín pé wọ́n ní ká má fi omi sí i!" Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ bàbá mi ò ní nǹkan mìíràn mọ́ láyé ju irin tó mọ̀ ọ́n rọ lọ. Tí mo bá gba ìyẹn náà, kí ni yóò kù tí yóò máa jí sí?

Mo ní, "Jíjó ni, Bàbá. Mo kánjú jó o. Kò wọlé dáadáa."

Ó mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í gbé fóònù mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí gbogbo ẹbí pé sí yàrá ńlá, Bàbá ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní kí n bọ́ síwájú. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ kí ìdílé má baà tú. Ó ní láti kékeré ni mo ti ń kánjú, ìkánjú ni kò jẹ́ kí n lè rọ àdá, àmọ́ ìkánjú kì í ṣe ìkà. Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi kiri nínú kùrukùru ojú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Mo dárí jì ọ́. Ìyá rẹ náà ti dárí jì ọ́."

Gbogbo ilé ní, "Àmín." Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò ṣe é.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."